ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA: Ìtàn "Ká Ní" Lábẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Nínú ìwé wa tó kọjá, a ní kí ẹ mú ọjọ́ kan nínú ìtàn ìjọba àmúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ yí i padà, kí ẹ sì bi wá ibi tí omi yóò gbà ṣàn. Lẹ́tà wọlé láti Kúbwà títí dé Kánò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ro orúkọ: orílẹ̀-èdè yìí yóò máa jẹ́ báyìí, àsíá rẹ̀ yóò ní àwọ̀ báyìí. A ti fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí a mú ni èyí tó béèrè ohun tó ṣeé fọwọ́ bà: ta ló jókòó, ta ló dìbò, ta ló gba owó ibodè, ta ló ná an.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Eré orí ìtàgé ni mò ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nínú rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà gba ètò ìṣọ̀kan tí Benjamin Franklin gbé wá ní 1754, wọn kò sì bá ọba jagun rárá. Ṣé ó ṣeé gbà gbọ́? Kí ni kí n ṣọ́ra fún?
— Òǹkọ̀wé eré, Kúbwà

Ó ṣeé gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pa mẹ́tàlá yẹn rẹ́. Ìpínlẹ̀ mọ́kànlá ni ètò náà fún ní ìjókòó. Georgia kò sí nínú rẹ̀, Delaware náà kò sì ní ìjókòó tirẹ̀. Nínú mọ́kànlá yìí, méje péré ló rán aṣojú lọ sí ìpàdé tó wáyé ní Albany, ní New York, láti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 11 oṣù keje 1754. Virginia kò yọjú. Bí ẹ bá fi aṣojú Virginia sórí ìtàgé ní Albany, ibẹ̀ ni olùkọ́ ìtàn tó bá wà nínú èrò yóò ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe torí ìṣọ̀kan ni wọ́n ṣe pè wọ́n jọ. Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kí wọ́n tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú àwọn Iroquois, àwọn onílẹ̀ tí Faransé ń fa ojú wọn mọ́ra. Orí ìjókòó yẹn ni ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ti yọ. Ọjọ́ kẹta oṣù keje, nígbà tí ìpàdé ṣì ń lọ lọ́wọ́, ni ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ George Washington juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn Faransé ní Fort Necessity. Ẹ lè fi ọjọ́ méjèèjì ṣe ìran kan náà.

Ètò náà rí báyìí. Ọba yóò yan ààrẹ àgbà kan, ọba ni yóò sì máa bọ́ ọ. Ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò yan àwọn tí yóò lọ sí Ìgbìmọ̀ Àgbà fún ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ìjókòó 48 ló wà: Massachusetts 7, Virginia 7, Pennsylvania 6, Connecticut 5, New York, Maryland àti Carolina méjèèjì, 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, New Jersey 3, New Hampshire àti Rhode Island, 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Philadelphia ni wọn yóò ti kọ́kọ́ jókòó. Ṣílè mẹ́wàá ni owó ọmọ ìgbìmọ̀ lójúmọ́. Ènìyàn 25 gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè ṣe ohunkóhun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá láti ìpínlẹ̀ tó ju ìdajì lọ, ìyẹn mẹ́fà ó kéré tán. Iṣẹ́ wọn ni láti bá àwọn onílẹ̀ ṣàdéhùn, láti ra ilẹ̀, gba ọmọ ogun, kọ́ odi, kan ọkọ̀ ogun, kí wọ́n sì bu owó ibodè àti owó orí tí wọn yóò fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ààrẹ àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí òfin wọn, òfin náà yóò sì lọ sọ́dọ̀ ọba. Bí ọba kò bá fagi lé e láàárín ọdún mẹ́ta, ó dúró bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣe ìṣirò ìjókòó yẹn dáadáa, òun ni eré yín máa dúró lé. Àwọn mẹ́rin tó wà ní àríwá pátápátá, Massachusetts, Connecticut, New Hampshire àti Rhode Island, ní 16. New York, New Jersey àti Pennsylvania ní 13. Láti Maryland lọ sísàlẹ̀, ìyẹn sí gúúsù, 19. Kò sí apá kan tó dá 25 ní. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ènìyàn 25 péré bá wá, 13 ti borí. Ìjókòó sì wà ní Philadelphia: ará Pennsylvania yóò jẹun àárọ̀ nílé rẹ̀ kó tó wọlé, ará South Carolina yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn àárín ni yóò máa wà níjókòó jù. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀tá fún Virginia nínú eré, ẹ má lọ wá a sí Boston.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, iye owó tí ìpínlẹ̀ kan bá mú wá ni wọn yóò fi tún ìjókòó pín, kò ní ju 7 lọ, kò ní dín sí 2. Òfin kékeré yìí ló dùn mọ́ wa jù, nítorí òun ló dáhùn ìbéèrè tó dá ogun sílẹ̀ gan-an. Ní oṣù kejì 1765, George Grenville, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá mẹ́rin nínú àwọn tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù. Franklin wà níbẹ̀. Ogun Faransé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbèsè ìjọba di ìlọ́po méjì, Grenville sì fẹ́ gba owó òǹtẹ̀ lórí ìwé ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ dá owó náà fúnra wọn. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti fẹnu kò lórí iye tí oníkálukú máa dá. Wọn kò rí nǹkan kan sọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni òfin owó òǹtẹ̀ jáde. Nínú eré yín, èsì ti wà nílẹ̀: 7, 7, 6, 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nínú 48. Ìran tó yẹ kẹ́ ẹ fi òógùn yín kọ nìyẹn, kì í ṣe ti Albany.

Báwo ni ètò náà yóò ṣe kọ́kọ́ wọlé? Ní tòótọ́, gbogbo ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló kọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n jẹ́ kó sùn, Lọ́ńdọ̀nù náà kò gbé e lọ sílé aṣòfin. Franklin fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ará ilé rí agbára ọba nínú rẹ̀ jù, ará Lọ́ńdọ̀nù rí agbára ará ìlú jù. Kókó méjì ló dun àwọn ìpínlẹ̀: owó orí, àti ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, tí àwọn bíi Connecticut àti Virginia ní ìwé ọba lé lórí. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ìṣòro náà. Ẹ dín agbára Ìgbìmọ̀ kù. Ẹ yọ owó orí kúrò, ẹ fi owó ibodè orí nǹkan fàájì àti owó ilẹ̀ tuntun sílẹ̀ fún wọn. Ètò tòótọ́ náà tilẹ̀ ti sọ pé orí ohun fàájì ni kí ẹrù náà wúwo sí. Èyí wọ́n lè gbà. Ohun tó máa bàjẹ́ lẹ́yìn náà ni pé owó yẹn kò ní tó fún ogun ọdún kan. Wọn yóò yáwó. Bí ọba bá wá fagi lé òfin ẹ̀yáwó náà lọ́dún kejì, ta ni yóò san gbèsè? Ẹ ti rí apá kejì eré.

Ìkìlọ̀ kan tó kù: ẹ má gbàgbé àwọn ẹrú. Ní 1833 ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ìdásílẹ̀, wọ́n sì ya £20,000,000 sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú, fún bí ẹrú 800,000. Ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1830 ka ẹrú tó lé ní 2,000,000. Ní iye kan náà, £25 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, Lọ́ńdọ̀nù yóò tún wá £50,000,000 sí i, tàbí kí ìjókòó 19 ti ìsàlẹ̀ dìde. Kí ẹ tó kọ "wọn kò bá ọba jagun rárá," ẹ wo ọdún 1833 yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbọ́ pé ó ku ìbò kan ṣoṣo kí Amẹ́ríkà gba ètò Joseph Galloway ní 1774, kí ogun má sì sí. Ṣé òótọ́ ni?
— Olùkọ́ girama, Kàdúná

Ìbò náà jẹ́ òótọ́, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1774 ni Galloway, aṣojú Pennsylvania, gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ níbi ìpàdé àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní Philadelphia. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà sí márùn-ún ni wọ́n fi sún un síwájú. Wọn kò kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ni wọ́n pa á rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pátápátá. Ohun tuntun tó wà nínú rẹ̀ ni pé òfin tó bá kan Amẹ́ríkà, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì àti Ìgbìmọ̀ Àgbà ti Amẹ́ríkà ni yóò jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá kọ̀ nínú wọn ti pa á. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti da tíì sómi ní Boston lọ́dún tó ṣáájú, Lọ́ńdọ̀nù sì ti ti èbúté ibẹ̀ pa. A kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ká-ní rẹ̀ níbi tí àwọn méjèèjì ti fọwọ́ kan ìbọn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn; òǹkọ̀wé ká-ní gbọ́dọ̀ dé kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ kú làákàyè. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Sábó, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò, la ti ń tajà. Ká ní Lugard kò so Òkè Ọya mọ́ Gúúsù ní 1914, ṣé Òkè Ọya lè dá dúró lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn kan ní kò lè ṣeé ṣe torí kò ní òkun. Kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí Sábó?
— Oníṣòwò aṣọ, Kánò

Àìní òkun kọ́ ni ìṣòro. Chad àti Niger kò ní òkun. Ìbéèrè ibẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń gba owó ibodè. Aṣọ tó ń bọ̀ ní Kánò ti san owó ibodè rẹ̀ ní etíkun, sínú àpò Gúúsù. Ohun tó kù fún Òkè Ọya ni owó orí àti jángálì tí wọ́n ń gbà lórí màlúù, kò sì tó wọn ná. Nínú ọdún mọ́kànlá tó parí sí oṣù kẹta 1912, Lọ́ńdọ̀nù ń fi £314,500 ránṣẹ́ lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba. Gúúsù náà ń mú owó wá lọ́dọọdún dípò owó ibodè tó gbà lórí ẹrù Òkè Ọya. Ẹ wá fi èyí wé owó ibodè tí Gúúsù rí lórí ọtí nìkan ní 1913: £1,138,000. Ọtí kan náà tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n tà ní Òkè Ọya! Ìdí tí Lọ́ńdọ̀nù fi fẹ́ ìsopọ̀ kò farasin: wọ́n fẹ́ gbé ẹrù £314,500 yẹn kúrò lórí ara wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí Òkè Ọya dá dúró, nǹkan mẹ́ta lẹ máa tún ṣe, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ léra ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni àdéhùn lórí owó ibodè: kí Gúúsù máa ka ẹrù tó ń kọjá sókè, kí ó sì dá owó ibodè rẹ̀ padà. Wọn yóò jà lórí iye rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí Gúúsù ló ní ìwé ẹrù lọ́wọ́.

Ekejì ni ojú irin. Ní tòótọ́, Èkó ti la ojú irin tirẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1901, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Òkè Ọya náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti Baro, létí Odò Ọya, ní 1907, ó sì dé Kánò ní 1911. Ìdí tí wọ́n fi mú Baro ni kí Òkè Ọya lè gba orí odò lọ sókun láìdé Èkó. Mínnà ni ojú irin méjèèjì ti pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ ìtàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín Jẹ́bà sí Mínnà, gbogbo nǹkan tó kù yóò máa yí padà fúnra rẹ̀: ẹ̀pà Kánò yóò gba Baro, Burutu, nítòsí ẹnu Odò Ọya, ni yóò di èbúté ńlá, Àpápá yóò kéré.

Ẹkẹta ni omi. Àdéhùn Berlin ti 1885 ti sọ pé ọkọ̀ gbogbo ayé lè rin Odò Ọya, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gba owó ìkọjá lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, Gúúsù kò lè fi òfin dí wọn lọ́wọ́. Odò ló lè dí wọn. Ẹ̀pà ń jáde lóko nígbà tí òjò ń dáwọ́ dúró tí omi sì ń fà. Nígbà tí wọ́n bá kó o dé Baro tán, ọkọ̀ ńlá kò ní lè gòkè wá mọ́. Ẹ̀pà yóò wà ní àká títí òjò yóò fi padà, èlé owó tí wọ́n fi rà á yóò sì máa gorí èlé. Ẹni tó bá kọ ìtàn Òkè Ọya tó dá dúró láìkọ àká Baro kò tíì kọ nǹkan kan.

Ní ti Sábó, ó jọ pé yóò ṣì wà. Wọn kò jẹ́ kí iléèwé mísọ́nnárì tàn ká ilẹ̀ àwọn ẹ́míà, bẹ́ẹ̀ ojú irin ń fẹ́ akọ̀wé, onítíkẹ́ẹ̀tì àti mẹkáníìkì. Gúúsù, Gold Coast àti Sierra Leone ni wọn yóò ti wá wọn. Ohun tó máa yàtọ̀ ni ìwé: àwọn bàbá yín yóò jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ mìíràn, ìjọba Òkè Ọya sì lè lé wọn lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Ká ní wọ́n ti fi olú ìlú sí àárín láti 1914, ṣé a ó nílò Àbújá?
— Òṣìṣẹ́ ìjọba, Gwagwalada

Lugard ro Kàdúná fún un, kò wá sí ìmúṣẹ. Òkè Ọya fúnra rẹ̀ ti ṣí láti Lọ́kọ́ja lọ sí Jẹ́bà, sí Zungeru ní 1902, kí ó tó dé Kàdúná ní 1917. Nnamdi Azikiwe, ọmọ akọ̀wé láti Gúúsù, ni wọ́n bí ní Zungeru ní 1904. Ṣùgbọ́n olú ìlú kọ́ ni ká-ní tó lágbára nínú ọdún yẹn. Àwọn méjì gbé ètò mìíràn kalẹ̀: E. D. Morel, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ ìpínlẹ̀ mẹ́rin, C. L. Temple, tó di igbákejì gómìnà Òkè Ọya, fẹ́ méje. Méjèèjì ni yóò gé Òkè Ọya sí wẹ́wẹ́. Lugard kọ̀ wọ́n, ó fi méjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ mú Temple, ẹ fi Àbújá sílẹ̀: níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti tóbi ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ẹjọ́ pé olú ìlú wà lọ́dọ̀ ta kò ní gbóná.

Bàbá mi máa ń sọ pé ká ní wọ́n fi Ìlọrin àti Kàbà sọ́dọ̀ Èkó látìbẹ̀rẹ̀, ìjọba 1959 ì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣe é bí ìṣirò.
— Ọmọ Ọ̀kun, Lọ́kọ́ja

Ẹ kí bàbá. Ọdún ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe: 1914 kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Royal Niger Company lábẹ́ Goldie ló ja Bídà ní oṣù kìíní 1897, tó sì ja Ìlọrin ní oṣù kejì. Gómìnà Carter ti Èkó ti bá Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ṣàdéhùn ní 1893, ṣùgbọ́n Ìlọrin wà nínú ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ń pè ní tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ wọn, tó san £865,000 fún wọn, tí Lugard sì ta àsíá sókè ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, Ìlọrin àti Kàbà bá ẹrù lọ. Ibi tó yẹ kí ẹ gbé ká-ní sí ni ìgbìmọ̀ tí Selborne darí ní 1898 lórí ọjọ́ iwájú àwọn ilẹ̀ Odò Ọya. Goldie jókòó níbẹ̀, gómìnà Èkó náà jókòó níbẹ̀. Kí gómìnà Èkó sọ pé: ojú irin mi ń bọ̀ ní Ìlọrin, ẹ jẹ́ kí ìlú náà tẹ̀ lé e.

Ìṣirò wá dé. Ilé aṣòfin 1959 ní ìjókòó 312: Òkè Ọya 174, Ìlà-Oòrùn 73, Ìwọ̀-Oòrùn 62, Èkó 3. Ìdajì 312 ni 156. Kí Òkè Ọya tó pàdánù agbára láti dá borí, ìjókòó 18 gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ìyẹn á fi 156 kọjú 156. Ìjókòó kan dúró fún bí ènìyàn 100,000, nítorí náà ènìyàn 1,800,000 lẹ ń wá. Ìlọrin àti Kàbà lápapọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ nínú ètò ìkànìyàn 1952. Bẹ́ẹ̀ Ígálà àti Ẹ̀bìrà wà nínú Kàbà ìgbà yẹn, ẹ kò sì lè sọ pé Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n máa fẹ́ lọ. Ohun tí bàbá yín sọ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Wọ́n á sún mọ́ ọn, wọn kò ní dé ibẹ̀. Ẹ fi ètò Morel tàbí ti Temple kún un kó tó lè dúró.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé ni Ìlọrin fúnra rẹ̀. Gwandu ni ẹ́míà Ìlọrin ń wárí fún, kì í ṣe Ọ̀yọ́. Èkó ì bá bá a lò bí wọ́n ṣe bá Aláàfin lò, tàbí kó má ṣeé ṣe fún wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn ará ìlú fúnra wọn gbé e dìde: ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ bá Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, lẹ̀dí àpò pọ̀ ní ọdún 1950 sókè. Ìgbìmọ̀ Willink ti 1958, tó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà kékeré, kò yí ààlà náà padà. Ọ̀tún nìkan ló ti kúrò lábẹ́ Ìlọrin lọ bá àwọn Èkìtì, ní 1936.

Mo kà pé Abẹ́òkúta ní ìjọba tirẹ̀ títí di 1914. Kí ni ì bá jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Sáríà

Àdéhùn ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1893 gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa àdéhùn náà mọ́. Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Ó ní akọ̀wé, ó ní àpò owó, ó ń gba owó ibodè tirẹ̀. Ibi tó ti kọ́kọ́ já ni 1904, nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ apá kan nínú ìdájọ́ fún adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni pé kò ní ológun tó lè pa iná rògbòdìyàn: nígbà tí Ìjemò, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, gbóná ní oṣù kẹjọ 1914, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló yìnbọn, oṣù tó tẹ̀ lé e ni àdéhùn 1893 fi kú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1904. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Ìjemò.

Ní 1953, lẹ́yìn ìjà Kánò, àwọn aṣòfin Òkè Ọya gbé kókó mẹ́jọ kalẹ̀. Ká ní wọ́n gbà á, báwo ni yóò ṣe máa ṣiṣẹ́?
— Agbẹjọ́rò, Jọ́ọ̀sì

Kò ní sí ilé aṣòfin àárín, kò ní sí mínísítà àárín. Àjọ kan tí kò ní ṣe òṣèlú ni yóò máa bójú tó ogun, ọ̀rọ̀ òkèèrè àti owó ibodè. Ojú irin àti ìfìwéránṣẹ́ yóò wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí gbogbo ẹkùn jọ ní. Owó yòókù, ẹkùn ni yóò gbà á. Kókó tó le jù níbẹ̀ ni ti owó ibodè: ní èbúté ni wọ́n yóò ti máa ya ẹrù ẹkùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí wọ́n sì gba owó ibodè rẹ̀ sórúkọ ẹkùn tó ń lọ.

Lórí ìwé, ó rọrùn. Lórí ilẹ̀, ẹ wo báálì aṣọ kan tó dé Àpápá. Oníṣòwò kọ "Kánò" sí i. Bí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin, àjọ lè fi òjé di ilẹ̀kùn wágọ́nù ní Àpápá, kí wọ́n má ṣí i títí dé Kánò. Èyí ṣeé ṣe. Lọ́rì ni kò ṣeé dì. Bí owó ibodè ẹkùn méjì bá fi kọ́bọ̀ kan yàtọ̀ síra, gbogbo aṣọ yóò di ti ẹkùn tó dínwó lórí ìwé, wọn yóò sì tà á ní Gbági, n'Ìbàdàn. Nítorí náà, ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ fi òfin kan kún un pé iye owó ibodè gbọ́dọ̀ dọ́gba ní gbogbo ẹkùn, kí wọ́n máa jà lórí pípín nìkan.

Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń gbé iye tirẹ̀, ibodè gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ yóò gbé e sí afárá Jẹ́bà, nítorí ibẹ̀ ni Odò Ọya wà. Ìhà ìsàlẹ̀ odò ni Ìlọrin wà, bẹ́ẹ̀ Òkè Ọya ni wọ́n kà á sí. Aṣọ tó bá ti dé Ìlọrin lórúkọ Òkè Ọya lè yí padà sí Ìbàdàn láìfojú kan odò. Àárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin ni oníbodè yóò ti jókòó, láàárín oko àwọn ènìyàn tó ń sọ èdè kan náà, kí ó máa tú ẹrù lórí lọ́rì kọ̀ọ̀kan.